Kí ẹ tó gun òpó rédà: bí òṣìṣẹ́ inú ọkọ̀ ojú omi ṣe lè dáàbò bo ara rẹ̀ lọ́wọ́ ìgbì rédíò

Ọkọ̀ wa ti ju ìdákọ̀ró síwájú Èkó, a ń retí ìgbà tí àyè máa ṣí ní Apápá. Ọyẹ́ ń fẹ́, eruku sì bo ojú òkun débi pé a kò rí ọkọ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa mọ́. Èmi wà lórí òpó, mo ń tú bóòtù ìdérí mọ́tò tó ń yí apá rédà, irin gbọọrọ tó ń fọ́n ìgbì rédíò káàkiri kí ọkọ̀ lè mọ ohun tó wà nítòsí. Kí n tó gòkè ni mo ti sọ fún ọ̀gá tó wà ní bíríìjì, yàrá tí wọ́n ti ń darí ọkọ̀, ó sì ti fi rédà méjèèjì sí sítáńdíbáì, kó má fọ́n ìgbì, lójú mi. Aago méjìlá wá lù, wọ́n pààrọ̀ ìṣọ́. Ọmọkùnrin tó gbaṣẹ́ wo ìta, ó rí i pé eruku ti dí ojú ọ̀nà, ó sì ṣe ohun tí ẹnikẹ́ni tó mọṣẹ́ rẹ̀ máa ṣe: ó tan rédà. Apá irin náà gbéra lẹ́gbẹ̀ẹ́ etí mi. Mo dì mọ́ òpó, mo tẹrí ba, ó sì gba orí àṣíborí mi kọjá lẹ́ẹ̀mẹ́ta kí igbe mi tó dé ìsàlẹ̀.

Kò sẹ́ni tó fẹ́ pa mí lọ́jọ́ náà. Ọ̀gá àkọ́kọ́ ṣe ohun tó ní òun máa ṣe, ẹnì kejì náà ń ṣọ́ ọkọ̀ bó ṣe yẹ. Àṣìṣe mi ni pé mo fi ẹ̀mí mi lé bọ́tìnnì tí ọwọ́ ẹlòmíràn lè dé. Láti ọjọ́ yẹn, bí fíúsì rédà kò bá sí nínú àpò mi, n kì í gun òpó. Gbogbo ohun tí mo máa sọ nínú ìtọ́sọ́nà yìí, orí fíúsì yẹn ló dá lé. Mo kọ ọ́ fún bọ́sùn, olórí àwọn òṣìṣẹ́ dẹ́ẹ̀kì, fún àwọn tó ń kun ọ̀dà, fún kúùkù, fún kádẹ́ẹ̀tì, àti fún àwa ẹlẹ́kítíríkà.

Ohun tí ìgbì yìí ń ṣe sí ara

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mú ẹ̀rù tí kò yẹ kúrò. Nínú ọkọ̀ tí mo bá wọ̀, mo máa ń gbọ́ ọ pé rédà ń tú ẹ̀jẹ̀ ká, pé ẹni tó bá ti sùn lábẹ́ rẹ̀ kò ní bímọ mọ́. Ìgbì rédíò kì í ṣe irú ìtànṣán tí wọ́n fi ń ya àwòrán eegun ní ọsibítù. Ooru ló ń dá sílẹ̀ nínú ara. Omi inú ẹran ara ló ń gba agbára rẹ̀, bí ọbẹ̀ ṣe ń gbóná nínú máíkírówéfù. Níbi tí ẹ̀jẹ̀ bá ti ń ṣàn dáadáa, ẹ̀jẹ̀ á gbé ooru náà lọ. Níbi tí ẹ̀jẹ̀ kò bá dé tó, ooru á jókòó síbẹ̀. Dígí inú ẹyinjú kò ní iṣan ẹ̀jẹ̀ rárá. Bó bá gbóná jù, ó lè ṣú, bí funfun ẹyin ṣe ń di aláwọ̀ wàrà lórí iná. Ẹpọ̀n ọkùnrin náà kì í fẹ́ ooru. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ àìrọ́mọbí yẹn ti ṣẹ̀ wá, àwọn ará ọkọ̀ sì sọ ọ́ di ńlá.

Ìgbì rédíò kò rí bákan náà. Ti rédà X-band, tó wà ní nǹkan bíi 9.4 GHz (ìyẹn bílíọ̀nù 9.4 ìgbà tí ìgbì ń mì ní ìṣẹ́jú àáyá kan), kì í wọ inú ara ju mìlímítà díẹ̀ lọ, awọ á sì mọ̀ pé ó ń gbóná. Ti S-band, ní nǹkan bíi 3 GHz, ń wọlé jù bẹ́ẹ̀. Ìgbì rédíò MF àti HF, tí ọkọ̀ fi ń bá ibi jíjìnnà sọ̀rọ̀, ń wọlé jìnnà, ibi tó sì ń dé, kò sí iṣan tó máa sọ fún yín pé ooru wà níbẹ̀. Nítorí náà, tí ẹnì kan bá ní òun kò mọ ohunkóhun lára, ẹ má fi ìyẹn ṣe ẹ̀rí.

Àjọ àgbáyé tó ń wo ọ̀rọ̀ yìí, ICNIRP, tún ìlànà rẹ̀ kọ ní 2020. Wọ́n rí i pé bí ara bá ń gba 4 wáàtì lórí kílò kọ̀ọ̀kan, inú ara lè fi 1°C gbóná sí i. Wọ́n dín in kù ní ìlọ́po mẹ́wàá fún òṣìṣẹ́, ó di 0.4, ìyẹn ìpíndọ́gba ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Fún ará ìlú, wọ́n fi sí 0.08. Kò sí bí a ṣe máa wọn ìyẹn lórí dẹ́ẹ̀kì, nítorí náà, fún rédà àti sátẹ́láìtì, ẹ di nọ́ńbà méjì yìí mú: 50 wáàtì lórí mítà kan níbùú-lóròó fún òṣìṣẹ́ tí wọ́n ti kọ́, 10 fún ẹlòmíràn. Ní tèmi, kúùkù àti ọmọ tó wọ ọkọ̀ lánàá kì í ṣe òṣìṣẹ́ tí wọ́n ti kọ́. Nọ́ńbà 10 ni mo ń lò fún gbogbo ibi tí ẹsẹ̀ wọn lè dé.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ mọ orúkọ gbogbo ohun tó wà lórí yín

Ẹ mú bébà àti bíírò, kí ẹ gun mọ́ńkì áílàńdì, ìyẹn òrùlé bíríìjì, ní ọ̀sán tí ọkọ̀ kò bá lọ síbì kankan. Ẹ ya àwòrán rẹ̀ bí ẹni ń wò ó láti òkè. Ẹ fi gbogbo áńtẹ́nà síbi tó wà, kí ẹ kọ orúkọ rẹ̀ àti agbára rẹ̀ sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni iṣẹ́ yìí lórí ọkọ̀ kan, ṣùgbọ́n n kò tíì rí ọkọ̀ mẹ́wàá tí wọ́n ti ṣe é.

Rédà lẹ máa kọ́kọ́ rí. SOLAS, òfin àgbáyé lórí ààbò ẹ̀mí lójú omi, ní kí ọkọ̀ tó bá tó 300 tọ́ọ̀nù gírọ́ọ̀sì ní rédà 9 GHz; tó bá tó 3,000, ó gbọ́dọ̀ ní ìkejì. Agbára tí wọ́n kọ sára rẹ̀ máa ń dẹ́rù bani, 25 kílówáàtì tàbí 30, ṣùgbọ́n rédà kì í fọ́n ìgbì láìdákẹ́. Ká ní ó ń lù fún ìdá kan nínú mílíọ̀nù ìṣẹ́jú àáyá, tó sì ń lù bẹ́ẹ̀ nígbà 600 nínú ìṣẹ́jú àáyá kan, 25 kílówáàtì yẹn kò ju wáàtì 15 lọ tí a bá pín in dọ́gba. Tí apá rẹ̀ bá tún ń yí, ìgbà díẹ̀ péré ni ìgbì rẹ̀ fi ń kan ojú kan kó tó kọjá. Ohun tó wá burú ni apá tó dúró, tí ẹ̀rọ sì ń fọ́n ìgbì, ẹnì kan sì wà níwájú rẹ̀. Ọ̀pọ̀ rédà kì í gbà kí irú ìyẹn ṣẹlẹ̀, àfi tí amẹ́rọ bá ti tú ìdènà rẹ̀ láti dán an wò.

Lẹ́yìn rédà, ẹ wá àwọn ọ̀pá gígùn tàbí wáyà MF/HF. Èyí ni mo ń bẹ̀rù jù lórí ọkọ̀, n ó padà sórí rẹ̀. Lẹ́yìn náà, àwọn ìgbá funfun sátẹ́láìtì, ìyẹn ìdérí roboto tó bo áńtẹ́nà sátẹ́láìtì. Lẹ́yìn wọn, VHF, rédíò tí a fi ń bá ọkọ̀ tó wà nítòsí sọ̀rọ̀, tí kì í ju wáàtì 25 lọ, àti AIS, tó ń sọ orúkọ ọkọ̀ àti ibi tó wà fún àwọn mìíràn.

Ẹ fi àmì sára èyí tó ń sọ̀rọ̀ fúnra rẹ̀. AIS ń fọ́n ìgbì ní ìṣẹ́jú àáyá 2 sí 10 nígbà tí ọkọ̀ bá ń rìn, àti ní ìṣẹ́jú 3 nígbà tó bá wà lórí ìdákọ̀ró. Ẹ̀rọ LRIT, tí ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ń gba inú ẹ̀rọ sátẹ́láìtì Inmarsat-C rán, ń jábọ̀ ibi tí ọkọ̀ wà ní wákàtí mẹ́fà-mẹ́fà láìsí ẹni tó tẹ nǹkan kan. Ẹni tó bá ní "kò sẹ́ni tó ń lo rédíò báyìí" ò purọ́, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ ń lo ara rẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kejì: ẹ wọn ọ̀nà, kí ẹ fa ìlà

Ìwé ìlànà rédà yín ní ojú ewé kan, níwájú pátápátá, tí wọ́n ti kọ ibi tí agbára ìgbì ti wá sílẹ̀ sí 100 wáàtì lórí mítà kan níbùú-lóròó, àti ibi tó ti di 10. Ẹ wá a. Ó lè jẹ́ ìwọ̀n tí kò tó mítà kan fún 100, kí ti 10 sì jẹ́ mítà mélòó kan; rédà kọ̀ọ̀kan ló ní tirẹ̀, ẹ má fi ti ọkọ̀ àná wọn ti òní. Kí ẹ sì wò ó dáadáa bóyá apá tó ń yí ni wọ́n fi wọ̀n ọ́n tàbí èyí tó dúró, nítorí ìyàtọ̀ wọn pọ̀.

Ẹ fi téèpù wọn ọ̀nà tó wà ní 10 yẹn láti ara apá rédà, kí ẹ fa ìlà pupa sórí dẹ́ẹ̀kì tàbí sára àkàbà òpó. Ẹ so ẹ̀wọ̀n kékeré kan mọ́ ẹsẹ̀ àkàbà, kí ẹ fi pátákó ìkìlọ̀ kọ́ ọ. Ọ̀dà máa ń ṣí lójú oòrùn, nítorí náà ẹ tún un fà nígbàkígbà tí wọ́n bá kun dẹ́ẹ̀kì. Mo ti dé ọkọ̀ kan tí wọ́n ti kun ìlà náà pa mọ́ lábẹ́ ọ̀dà tuntun tó ń dán gbinrin.

Ìgbésẹ̀ kẹta: kí ẹnikẹ́ni tó gbé ẹsẹ̀ lé àkàbà

Níbí ni mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ kà.

Ẹ kọ ìwé àṣẹ iṣẹ́, èyí tí a ń pè ní pámíìtì. Ẹ kọ orúkọ ẹni tó ń gòkè, iṣẹ́ tó fẹ́ ṣe, aago tó bẹ̀rẹ̀ àti aago tí pámíìtì kú. Ọ̀gá ìṣọ́ á fọwọ́ sí i. Ìwé náà kò pa rédà o. Iṣẹ́ rẹ̀ ni pé ọ̀rọ̀ kò ní kú sẹ́nu ẹnì kan nígbà tí ìṣọ́ bá pààrọ̀. Ká ní ìwé wà lórí tábìlì lọ́jọ́ tèmi, ọmọkùnrin yẹn ì bá ti kà á.

Lẹ́yìn náà, ẹ pa ẹ̀rọ. Kì í ṣe ojú ẹ̀rọ ni mo ní kí ẹ pa. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀, ojú rédà kìíní lè darí apá rédà kejì, wọ́n lè pààrọ̀ wọn láti orí àga. Ẹ̀yin á rò pé ẹ ti pa èyí tó wà lókè orí yín, kó sì jẹ́ pé ojú kejì ló ń darí rẹ̀. Sítáńdíbáì náà kì í ṣe pípa, iná ṣì wà nínú rẹ̀. Nítorí náà, ẹ lọ sí páńẹ́ẹ̀lì, kí ẹ já bíréékà tàbí yọ fíúsì rédà méjèèjì, kódà bí iṣẹ́ yín bá wà lára ẹyọ kan. Wọ́n sábà máa ń wà lórí òpó kan náà, èyí tí ẹ kò tọ́jú sì lè gbá yín. Ẹ fi àgádágodo ti bíréékà pa. Kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ tàbí fíúsì yẹn, inú àpò ẹni tó ń gòkè ni kó wà. Kò gbọ́dọ̀ wà lọ́wọ́ kápténì, kò gbọ́dọ̀ wà nínú dúrọ́wà bíríìjì. Lára ọ̀pọ̀ rédà, súwíìṣì kékeré kan tún wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mọ́tò lókè. Bí ẹ bá débẹ̀, ẹ pa á pẹ̀lú.

Ẹ lẹ bébà mọ́ ojú ẹ̀rọ rédà méjèèjì pé èèyàn wà lórí òpó, ní èdè tí gbogbo ará ọkọ̀ lè kà, kó tóbi débi pé ẹni tó bá fẹ́ tan án máa ní láti ká bébà yẹn kúrò ná.

Kápténì nìkan ló lè gbà pé kí a pa rédà méjèèjì. Bí ọkọ̀ bá ń rìn nínú kùrukùru, tàbí tí ọkọ̀ pọ̀ nítòsí, iṣẹ́ yẹn kò tíì tó àsìkò. Ẹ dúró dìgbà tí ojú ọ̀nà bá là tàbí tí ẹ bá dé èbúté. Mo mọ̀ pé kì í rọrùn láti sọ bẹ́ẹ̀ fún ọ̀gá tó ń kánjú. Èmi a máa sọ ọ́ báyìí: "Ẹ jọ̀ọ́ sà, bí ẹ bá nílò rédà, n kò ní gòkè, bí mo bá gòkè, ẹ kò ní rédà." Ó sábà máa ń yé wọn.

Ẹ pa rédíò MF/HF pẹ̀lú, ní ìdí rẹ̀, bí òpó tàbí àkàbà yín bá gba ẹ̀gbẹ́ áńtẹ́nà rẹ̀. Ẹ bi ọ̀gá ìṣọ́ nípa sátẹ́láìtì. Ẹ sì sọ fún àwọn tó wà ní yàrá ẹ́ńjìnì, kí wọ́n má fun fèrè ọkọ̀ sí yín létí, kí wọ́n má sì da èéfín lù yín lójijì.

Kí ẹ tó gòkè, ẹ ní kí ẹnì kan tẹ bọ́tìnnì rédà ní bíríìjì lójú yín. Bí apá bá mira, ẹ ti já bíréékà tí kì í ṣe tirẹ̀. Ó ti ṣẹlẹ̀ sí mi. Àmì tí wọ́n lẹ̀ mọ́ páńẹ́ẹ̀lì ti ṣí, ẹnì kan sì ti dá a padà síbi tí kì í ṣe tirẹ̀.

Lókè

Ẹ wọ bẹ́líìtì ààbò, kí ẹ so ó mọ́ ara òpó. Ẹ má so ó mọ́ apá rédà láéláé. Afẹ́fẹ́ òkun nìkan lè yí apá tí iná kò sí lára rẹ̀, nítorí náà bí iṣẹ́ bá máa pẹ́, ẹ fi okùn dè é, okùn aláwọ̀ pupa tí a lè rí láti ìsàlẹ̀. Apá S-band kan tó gùn ní mítà 3.6, tó ń yí nígbà 24 ní ìṣẹ́jú kan, orí rẹ̀ ń sáré ní nǹkan bíi mítà 4.5 ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan. Ìgbì rẹ̀ lè má pa yín lára lọ́jọ́ kan. Irin rẹ̀ lè pa yín.

Bí iṣẹ́ yín bá kan túbù onígun mẹ́rin tó ń gbé ìgbì lọ sókè, tí wọ́n ń pè ní waveguide, ẹ má fi ojú sí ẹnu rẹ̀ láti wò ó bóyá omi wà nínú rẹ̀, bí fíúsì tilẹ̀ wà lápò. Tọ́ọ̀ṣì àti dígí kékeré ni kí ẹ lò. Bí ẹ bá sì máa ṣí àpótí mágínẹ́tírọ́ọ̀nù, ohun tó ń dá ìgbì rédà sílẹ̀, iná tó wà nínú kàpásítọ̀ rẹ̀, ohun tó ń tọ́jú iná pamọ́, ṣì wà níbẹ̀ lẹ́yìn tí ẹ ti pa á. Ẹ dúró fún ìṣẹ́jú tí ìwé ìlànà kọ, kí ẹ fi ọ̀pá tó ń darí iná wọ ilẹ̀ kàn án kí ẹ tó fi ọwọ́ kàn án.

Nígbà tí ẹ bá sọ̀ kalẹ̀, ẹ ka àwọn èèyàn àti irinṣẹ́, kí ẹ tú okùn. Ẹni tó yọ fíúsì ni kó dá a padà, òun náà ni kó yọ bébà kúrò lójú rédà. Bí ẹni mẹ́ta ló gòkè, àgádágodo mẹ́ta ni kó wà lára bíréékà.

Ọ̀pá HF: ìgbì tó ń jóni

Bọ́sùn wa kan, àgbàlagbà ará Ìlàjẹ tó ti pẹ́ lójú omi, ń fi búrọ́ọ̀ṣì ha ìpẹtà lẹ́sẹ̀ ọ̀pá HF. Ọ̀gá kejì wà nísàlẹ̀, ó ń dán rédíò wò bó ṣe máa ń ṣe lọ́sẹ̀. Bọ́sùn gbé ọwọ́ sókè, ìka rẹ̀ sún mọ́ ọ̀pá náà, kò tilẹ̀ tíì kàn án, iná kékeré aláwọ̀ búlúù fò sí ìka rẹ̀. Ó ní ṣe ló dà bíi pé agbọ́n ta òun. Nígbà tó fi ìka náà hàn mí, ojú kan ni, kò ju orí ìṣáná lọ, funfun, kò ṣẹ̀jẹ̀, kò wú. Ó ní, "Kò sí nǹkan kan, ọmọ mi, iṣẹ́ ń dúró." Ọjọ́ kẹta ni ó tó bẹ̀rẹ̀ sí í dún ún wọ inú eegun. Bí jíjó ìgbì rédíò ṣe rí nìyẹn: ẹnu rẹ̀ kéré, inú rẹ̀ jìn.

Ìdí tí ọ̀pá yìí fi burú tó bẹ́ẹ̀ ni pé ó kúrú jù fún iṣẹ́ tí wọ́n fún un. Ìgbì 2182 kHz, ìgbì ìpàjáwìrì tí a ti ń lò láti ọjọ́ pípẹ́, gùn tó nǹkan bíi mítà 137. Ọ̀pá tí a fi ń rán an lè má ju mítà mẹ́jọ lọ. Ẹ̀rọ tó ń bá a ṣe é, tó wà nínú àpótí lẹ́sẹ̀ rẹ̀, ní láti fi agbára tì í, fóòtì (volt) tó wà lára ọ̀pá náà sì lè wọ ẹgbẹ̀rún mélòó kan. Nítorí náà:

Ẹ fi ọgbà tàbí ẹ̀wọ̀n yí ẹsẹ̀ ọ̀pá náà ká, kí ọwọ́ ẹni tó ń kọjá má lè dé ibẹ̀. Ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé ìkìlọ̀ ẹnu.

Ẹ má kun áńtẹ́nà, ẹ má sì ha ìpẹtà rẹ̀, àfi tí ẹ bá ti já iná rédíò náà, tí fíúsì rẹ̀ sì wà lápò. Èyí kan ìdánwò ọlọ́sẹ̀ pẹ̀lú: kí ẹni tó fẹ́ dán an wò kọ́kọ́ gòkè lọ wo ẹni tó wà lórí mọ́ńkì áílàńdì.

Ẹ ṣọ́ irin mìíràn tó wà nítòsí. Wáyà kíréènì, okùn irin òpó, ọ̀pá àsíá, gbogbo wọn lè gba ìgbì kí wọ́n sì fi jóni, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹnikẹ́ni kò so wọ́n mọ́ rédíò. Ìgbì 16 MHz gùn ní nǹkan bíi mítà 18. Ìdá mẹ́rin rẹ̀ kò ju mítà márùn-ún lọ, wáyà kíréènì tó sì rọ̀ sísàlẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ máa ń gbà á dáadáa. Ẹni tó bá na ọwọ́ mú ìkọ́ rẹ̀ ló máa mọ̀ ọ́n lára. Bí kíréènì bá ń ṣiṣẹ́, HF gbọ́dọ̀ dákẹ́.

Ìgbá funfun sátẹ́láìtì

Ohun tó wà nínú ìgbá náà ni àwo kan tó ń wo sátẹ́láìtì, ìgbá sì bò ó mọ́lẹ̀, ẹ kò lè mọ ibi tó kọjú sí. Níbí ni àwa tí a ń ṣiṣẹ́ lójú omi Èkó ti máa ń ṣàṣìṣe. Àwọn sátẹ́láìtì tí ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ń lò dúró sí òkè ìlà agbedeméjì ayé. Nítòsí ilé, bí sátẹ́láìtì bá wà lókè wa gan-an, àwo lè wo ojú ọ̀run tààrà, kí ìgbì rẹ̀ má kan ẹnikẹ́ni. Bí ọkọ̀ kan náà bá dé Rotterdam, àwo kò lè wò ju 30° lọ sókè ojú òfurufú. Bó bá dé etíkun Nọ́wè ní 60° àríwá, kò lè ju 22° lọ. Ibi tí ẹ ti ń jókòó gba atẹ́gùn níwájú ìgbá náà ní Èkó lè ti bọ́ sí ojú ọ̀nà ìgbì ní Nọ́wè, ọkọ̀ tún ń yí, ó ń tẹ̀. Nítorí náà, ẹ wo ìwé ìlànà fún ọ̀nà tó yẹ kí ẹ fi jìnnà sí i, kí ẹ fi sí ọ̀nà gbogbo yí ìgbá ká, kì í ṣe ìhà kan. Ẹ má ṣí ìgbá náà láìpa á. Bí ẹ bá sì fẹ́ kun ìgbá, ẹ kọ́kọ́ bi ẹni tó ṣe é léèrè, nítorí ọ̀dà tó ní irin nínú máa dá ìgbì padà sára yín.

Inmarsat-C kékeré, tó rí bí ìkòkò kékeré tí a dojú rẹ̀ bolẹ̀, ń fọ́n ìgbì yíká, kò ní ibì kan tó kọjú sí. Agbára rẹ̀ kò pọ̀, ṣùgbọ́n ẹ má gbé orí yín lé e.

Ọkọ̀ epo

Bí ọkọ̀ yín bá ń kó epo tàbí gáàsì, ìgbì rédíò tún ní ewu mìíràn: ó lè fa iná kékeré láàrín irin méjì. Ìlànà àgbáyé fún ọkọ̀ epo ní kí MF/HF dákẹ́ nígbà tí wọ́n bá ń kó ẹrù wọlé tàbí jáde, kí wọ́n so áńtẹ́nà rẹ̀ mọ́ ilẹ̀. VHF máa wà ní wáàtì kan tàbí kó kéré jù bẹ́ẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni AIS. Fún rédà, ẹ bá àwọn tó ni èbúté sọ̀rọ̀ kí ẹ tó tan án.

Nínú ilé: gálì (ilé ìdáná ọkọ̀), wọ́kì-tọ́kì, àti àwọn tí ara wọn yàtọ̀

Kúùkù, ẹ wo ilẹ̀kùn máíkírówéfù yín. Bí rọ́bà rẹ̀ bá ti ya, bí ìlẹ̀kùn rẹ̀ bá ń mì tàbí tí àwọ̀n inú dígí bá ti ní ihò, ẹ má lò ó mọ́. Ìwọ̀n tí wọ́n fàyè gbà kí ó jò jáde láti ara rẹ̀ jẹ́ 50 wáàtì lórí mítà kan níbùú-lóròó, tí a bá wọ̀n ọ́n ní sẹ̀ńtímítà 5. Èyí tó bá ti bàjẹ́ lè ju bẹ́ẹ̀ lọ. Irin àti síbí inú rẹ̀, ẹ ti mọ̀.

Wọ́kì-tọ́kì ń lo wáàtì 1 sí 5. Ẹ gbé e jìnnà díẹ̀ sí ẹnu, kí áńtẹ́nà rẹ̀ má kan ojú yín, kí ẹ sì yàn wáàtì kékeré bó bá tó.

Ẹni tó ní ẹ̀rọ tó ń bá ọkàn lù nínú àyà, tàbí irin nínú ara, gbọ́dọ̀ sọ ọ́ fún kápténì kó tó wọ ọkọ̀, kó sì bi dókítà tó fi í sí i léèrè bóun ṣe lè sún mọ́ rédà tó. Àwọn obìnrin wà nínú iṣẹ́ yìí báyìí, inú mi sì dùn sí i. Bí obìnrin bá lóyún, ìlànà 2020 yẹn ní kí a fi òfin ará ìlú wọn ọmọ inú rẹ̀, kì í ṣe ti òṣìṣẹ́. Iṣẹ́ òpó kì í ṣe tirẹ̀ ní àsìkò yẹn, kò sì gbọ́dọ̀ padánù àyè rẹ̀ nítorí pé ó sọ ọ́.

Bó bá ti ṣẹlẹ̀

Ẹ pa ìgbì kí ẹ tó fa ẹni náà. Bí ẹ bá sáré mú un nígbà tí ọwọ́ rẹ̀ ṣì wà lára áńtẹ́nà, ẹ̀yin náà á di wáyà.

Bí ó bá jó, ẹ gbé ojú ibẹ̀ sábẹ́ omi tútù tó ń ṣàn fún ogún ìṣẹ́jú. Ẹ má fi epo pupa, ẹ má fi ìfọyín, ẹ má fi yìnyín. Ẹ fi aṣọ mímọ́ bò ó. Bó ti wù kí ojú rẹ̀ kéré tó, ẹ fi tó dókítà létí nípasẹ̀ rédíò. CIRM, ibùdó ìmọ̀ràn dókítà tó wà ní Róòmù, ti ń dá àwọn ará ọkọ̀ lóhùn lọ́fẹ̀ẹ́ láti 1935. Bí ìgbì bá kan ojú tàbí orí, tàbí tí ẹni náà dúró níwájú rédà tó ń fọ́n ìgbì, ẹ ní kí dókítà ojú wò ó ní èbúté tó kàn, bí kò tilẹ̀ dùn ún. Bí iná bá gbá a, ẹ ṣọ́ bí ọkàn rẹ̀ ṣe ń lù fún ọjọ́ náà, ẹ má jẹ́ kó dá wà.

Lẹ́yìn náà ni kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, kó tó di ọ̀rọ̀ "mo rò pé." Ẹ kọ ọjọ́ àti aago, áńtẹ́nà wo ni, ìgbì tó ń lò ní kHz, MHz tàbí GHz, wáàtì tó wà lójú ẹ̀rọ, bó ṣe jìnnà tó sí ẹni náà ní mítà, àti ìṣẹ́jú tó lò níbẹ̀. Ẹ ya fọ́tò ibi tó dúró sí, kí téèpù ìwọ̀n hàn nínú rẹ̀. Ẹ̀dà kan máa wà nínú fáìlì ọkọ̀, kí ẹni tó kàn náà sì gba ẹ̀dà kan lọ sílé, nítorí ó lè ti wà nínú ọkọ̀ mìíràn, lábẹ́ kápténì mìíràn, kí ojú rẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣú.